Àwòrán Kọkàndínlógún Nínú Ikùn Òbúkọ

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí Dókítà tó wọlé, nítorí pé òun náà wà nínú rẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ sì rí níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ lójú ọ̀gá. Àlá tí mo lá lóru àná ni. Súlè, gbé tíì rẹ sílẹ̀ kí o gbọ́, orúkọ tìrẹ náà jáde.

Ẹ mọ ohun tó fà á. Ẹ̀yin náà rí mi bí mo ṣe ń ya àwòrán ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ibà ń bá jà, lábẹ́ maikirosíkóòpù, láti ìgbà tí a ti ń dán oògùn tuntun yẹn wò. Kọ̀ǹpútà ló ń bá wa yẹ àwọn àwòrán náà wò, òun ló ń wá kòkòrò ibà inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó sì ń wọ̀n wọ́n: bí èyí ṣe tóbi tó, bí tọ̀hún ṣe dúdú tó. Kòkòrò kan, ìlà nọ́ńbà kan. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, mi ò bá a jà. Ìwà rẹ̀ kan ṣoṣo ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: bó bá ti wọn àwòrán kan tán, á ṣe fáìlì kékeré kan fún un, á jù ú sílẹ̀, á kọjá sí òmíràn. Kí n tó jẹun ọ̀sán dé, fáìlì ti tò sílẹ̀ bí ìjàlọ. Ni Dókítà Akínlàjà bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mọrádékẹ́, fáìlì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rí lọ́la o. Kó gbogbo wọn pọ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí n gbá ìdí àga. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn.

Nínú àlá náà, ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo dé ẹnu géètì wa níbí, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kò sí nílẹ̀. Ó wà lókè. Ó ga ju igi àgbọn ọ̀hún lọ, ó sì ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ló dì í mú, ìdí wáyà náà ni wọ́n sì so mọ́ ẹsẹ̀ àga Bàbá Láyíwọlá tó ń ṣọ́ géètì.

Kò yà mí lẹ́nu rárá. Ohun tó bí mi nínú ni pé kò sẹ́ni tó pè mí láti sọ fún mi.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ìgbà wo ni ọ́fíìsì gòkè?"

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Àárọ̀ yìí náà ni. Wọ́n ní fáìlì inú rẹ̀ ló pọ̀ jù."

"Bí fáìlì bá pọ̀, ṣé kò yẹ kó wúwo sílẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé lẹ mọ ìyẹn. Èmi, wọ́n ní kí n jókòó sórí àga yìí kí n má dìde. Bí mo bá dìde báyìí pé mo fẹ́ tọ̀, ọ́fíìsì ti lọ nìyẹn. Di wáyà mú kí o máa gùn ún. Àmọ́ bọ́ bàtà rẹ o, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nulẹ̀ lókè."

Mo bọ́ bàtà, mo ki aṣọ bọ àárín ẹsẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun wáyà. Mi ò ronú pé mo lè já bọ́. Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ títí mo fi dókè ni pé ìgbà wo gan-an ni wọ́n máa ṣe àtẹ̀gùn sí ilé yìí.

Nígbà tí mo wọlé sí iyàrá wa, àwọn fáìlì ti jáde nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì gígùn tí àwọn ìyá ọmọ máa ń jókòó lé, bí ẹni tó wá gba abẹ́rẹ́. Wọn ò ga ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, ara wọn funfun, ìlà nọ́ńbà sì bo ara wọn láti àyà dé ẹsẹ̀. Àkọlé wà lẹ́yìn ẹ̀wù kálukú: Àwòrán Kìíní, Àwòrán Kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ló sì dé fìlà, fìlà kan náà, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí lára: "Nọ́ńbà, Títóbi, Dídúdú." Ẹ mọ̀ ọ́n, ìlà àkọ́kọ́ tó máa ń wà lókè fáìlì kí èèyàn lè mọ ohun tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń sọ. Fìlà wọn nìyẹn.

Mo kí wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Dókítà ní kí ẹ di ọ̀kan."

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan láàárín wọn dìde, fáìlì kan tí inú ń bí. Ó ní, "Kí á di ọ̀kan, kò burú. Ta ni yóò ṣáájú? Ẹ wo ibi tí wọ́n fi mí sí! Èmi, Àwòrán Kejì, èmi ni wọ́n fi sẹ́yìn Àwòrán Kẹwàá!"

Mo wò wọ́n. Òótọ́ ni. Kìíní ló wà níwájú, Kẹwàá tẹ̀ lé e, Kọkànlá tẹ̀ lé ìyẹn, wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ títí dé Kọkàndínlógún, kí Kejì tó wá jókòó.

Àwòrán Kẹwàá kò tilẹ̀ dìde. Ó na ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń kọ èmi. Ọ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ kí wọ́n tó kọ òdo sí i. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá ti fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ẹni tó fi méjì bẹ̀rẹ̀. Ṣé Táíwò kọ́ ló kọ́kọ́ wáyé ni? Kẹ́hìndé kọ́ ni ẹ̀gbọ́n ni? Jókòó jẹ́ẹ́, àbúrò."

"Èmi lo pè ní àbúrò? Ìwọ tí wọ́n yà nígbà tí mo ti jẹun tán!"

Ni gbogbo bẹ́ǹṣì bá gbaná jẹ. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, wọn ò dákẹ́. Mo pàtẹ́wọ́, àwọn náà pàtẹ́wọ́. Láàárín ariwo yìí, fáìlì kan tó sanra bí àgbá fọwọ́ sọ̀yà, ó ní òun ló yẹ kó ṣáájú, nítorí pé kòkòrò ibà inú òun tóbi ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ní tòun tó bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá.

Maikirosíkóòpù ló dá a lóhùn. Àgbàlagbà ni, ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó tún ọrùn ṣe, ó wúkọ́, ó ní, "Irọ́ ló ń pa. Kòkòrò tirẹ̀ kò tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Súlè ló wà nídìí mi lọ́jọ́ tí a ya òun. Ó yí ojú mi padà sí èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá, kò sì sọ fún kọ̀ǹpútà."

Súlè, má wò mí bẹ́ẹ̀. Maikirosíkóòpù ló sọ ọ́, èmi kọ́.

Mo mú rúlà, mo tún fáìlì náà wọ̀n. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n ni afẹ́fẹ́ ń jáde lára rẹ̀, fùùù, bí táyà tí ìṣó gún, títí ó fi kéré bí àwọn yòókù. Ó jókòó, ó fi fìlà bojú. Mo rò pé ìyẹn á kọ́ àwọn tó kù lọ́gbọ́n. Kò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ fìlà, mo ní, "Bí ẹ bá di ọ̀kan, fìlà kan ṣoṣo ni ẹ nílò. Ẹni iwájú á dé tirẹ̀, ẹ̀yin tó kù á ṣí tiyín."

Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe wò mí. Àfi bí ẹni pé mo ní kí wọ́n bọ́ sí ìhòòhò lójú ọjà.

Àwòrán Kejì ní, "Fìlà tí wọ́n bí mi mọ́? Kí n wá ṣí i fún Kẹwàá? Ẹnu ọ̀gá gan-an la ti máa gbọ́ èyí."

Wọ́n jùmọ̀ gbè é, wọ́n ní àfi kí Dókítà sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi débi pé omi fẹ́ jáde lójú mi. Mo ní kí ẹnì kan tẹ̀ lé mi láti ṣe ẹlẹ́rìí. Fáìlì kékeré kan tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà láti àárọ̀ ló nawọ́. Àwòrán Kọkàndínlógún ni. Mo gbé e sápá bí ọmọ, a jáde.

Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti di oko àgbàdo. Àgbàdo náà ti gbó, ó ga jù mí lọ, ìrì sì wà lára ewé rẹ̀. Mo la àárín rẹ̀ kọjá. Fáìlì inú apá mi bi mí léèrè pé, "Ṣé ọ̀nà jìn?" Mo ní, "Kò jìn. Ọ́fíìsì ọ̀gá kì í jìn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló máa ń gùn." Ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

A bá Dókítà Akínlàjà láàárín oko, ó jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó so táì, ó wọ awò ojú. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ìjà àgbà, mo ṣàlàyé ìjà fìlà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo rí i pé irùngbọ̀n rẹ̀ gùn díẹ̀. Mo rò pé kò ráyè fá a ni. Mo rí i pé ó ń jẹ ìdérí bírò rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe tuntun, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Àfi ìgbà tó la ẹnu láti pè mí, tó ní, "Mọrádékẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀," ni mo rí ìwo méjì lórí rẹ̀. Ó ti di òbúkọ. Táì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn, awò ojú rẹ̀ ṣì wà lójú.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," nítorí pé ọ̀gá ṣì ni ọ̀gá.

Ó ní, "Gbogbo ohun tó bá fẹ́ di ọ̀kan níbí, ọ̀dọ̀ mi ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Mú ẹlẹ́rìí rẹ wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo na Àwòrán Kọkàndínlógún sí i. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ki í bọ ẹnu, ó rún un wómúwómú, ó gbé e mì.

"Sà!"

"Mo ti gbà á wọlé," ni òbúkọ wí. Ó nu ẹnu sí táì rẹ̀.

"Sà, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀!"

"Mo ní mo ti gbà á wọlé. Lọ máa ṣe ìyókù. Ṣùgbọ́n kí ó tètè yá o, mo ní ìpàdé." Ló bá yí ojú sí ewé àgbàdo, ó ń fà á ya.

Kí ni èmi ó ṣe? Mo padà. Inú ń bí mi, ẹ̀rù ń bà mí, síbẹ̀ ohun tí mo ń rò lọ́kàn ni pé kí iṣẹ́ yìí ṣáà parí. Nígbà tí mo sọ fún àwọn fáìlì pé Dókítà ti jẹ ẹlẹ́rìí wọn, ìjà tán. Mo gbé bàsíà tí a fi ń fọ gíláàsì wá, mo ní kí wọ́n ṣí fìlà kí wọ́n kó sínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún bi mí pé ta ni ẹ̀gbọ́n ta ni àbúrò. Wọ́n ń bẹ́ sínú rẹ̀, kùlù, kùlù. Bí wọ́n ṣe ń wọlé ni wọ́n ń yọ́. Ẹ̀wù wọn dànù sílẹ̀, nọ́ńbà wọn pò pọ̀ mọ́ ara wọn bí ògì. Mo fi rúlà rò ó títí kò fi ní kókó mọ́.

Ó di ọ̀kan. Mo dúró tì í, mo rẹ́rìn-ín, mo na ẹ̀yìn mi. Mo ní iṣẹ́ ti parí.

Ìgbà yẹn ni obìnrin kan wọlé, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì náà lòun náà gùn wá, ó fi ọ̀já gba àyà, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́ ni, ìyá tó máa ń tètè dé jù ní ọjọ́ àyẹ̀wò, tí ọmọ rẹ̀ kì í sunkún bí a bá ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá wo ti ọmọ mi ni. Bóyá oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́ kí n tètè mọ̀, kí n gbé e lọ síbòmíràn. Àwòrán Kọkàndínlógún ni wọ́n pè é."

Mi ò lè sọ fún un pé òbúkọ ti jẹ ẹ́. Mo tọ́ka sí bàsíà. Mo ní, "Mà, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó ní, "Mo rí i pé wọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ni mo bí, mi ò bí bàsíà."

Mo ki ọwọ́ bọ inú ògì náà. Mo fa ìlà kan jáde, ó ń jò lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ìwọ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ wo lo ti wá?"

Ìlà náà ní, "Mo tóbi tó báyìí, mo dúdú tó báyìí. Ìyẹn ni mo mọ̀."

"Orúkọ rẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ẹ̀wù ni ẹ kọ orúkọ sí, ẹ ò kọ ọ́ sí wa lára. Ẹ̀yin lẹ ní kí a bọ́ ẹ̀wù."

Mo fa òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Mo fa òmíràn sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, ní ìdí bàsíà yẹn, mo jókòó sílẹ̀, mo ká ọwọ́ lérí. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ọjọ́ kan bàjẹ́ nìkan ni, a ò ní mọ ọmọ tí oògùn ń ṣiṣẹ́ fún mọ́. Obìnrin náà ṣì dúró tì mí, kò pariwo, kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Maikirosíkóòpù tún wúkọ́. Ó ní, "Wo ẹ̀yìn rẹ."

Mo bojú wẹ̀yìn. Àwọn fáìlì ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì! Gbogbo àwọn tó bẹ́ sínú bàsíà, pẹ̀lú ẹ̀wù, pẹ̀lú fìlà.

Mo ní, "Ta ló wá wà nínú bàsíà?"

Àwòrán Kẹwàá ní, "Ẹ̀dà wa ni. O rò pé a gọ̀ ni? Ta ló máa ń gbé ojúlówó ara rẹ̀ fún ẹni tí orí ń gbóná, kó fi ṣe ògì?"

Mo fẹ́ gbá a létí, mo sì fẹ́ dì mọ́ ọn. Èmi náà ò mọ èyí tí mo fẹ́ ṣe gan-an. Mo da ògì náà nù láti ojú fèrèsé. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Láyíwọlá nísàlẹ̀ tó ń pariwo pé ta ló ń da omi sórí òun o. Mo kọjú sí bẹ́ǹṣì.

Mo ní, "Ó dára. Ọ̀nà mìíràn la máa gbà. Kí ìlà kan tó bọ́ sí ara ìlà mìíràn, yóò kọ́kọ́ pe orúkọ àwòrán tó ti wá. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan fún gbogbo ilé o. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni."

Wọ́n ní, "Ìlà kọ̀ọ̀kan? Kí á máa pe orúkọ kan náà lápètúnpè?"

"Lápètúnpè. Títí yóò fi sú yín, bí ẹ̀yin náà ṣe sú mi."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Èyí ló burú jù nínú gbogbo àlá náà. Ìlà kan á jáde, á ní, "Àwòrán Kìíní, mo tóbi tó báyìí, mo dúdú tó báyìí." Òmíràn á tẹ̀ lé e, "Àwòrán Kìíní, mo tóbi tó báyìí." "Àwòrán Kìíní." "Àwòrán Kìíní." Wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wọn lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń gùn sílẹ̀ bí aṣọ òfì tó ń jáde lórí òfì. Fìlà kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, mo sì fi ọ̀rọ̀ kan kún ara fìlà náà: "Orúkọ." Oorun ń gbé mi nínú oorun. Ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́ jókòó sílẹ̀, ó di etí aṣọ náà mú, ó ń bá mi ká a. Àwa méjèèjì ń ká a lọ bẹ́ẹ̀, títí ó fi kan ibi tí ẹnikẹ́ni kò jáde.

Mo ní, "Àwòrán Kọkàndínlógún!"

Ojúlówó rẹ̀ ni mo gbé fún òbúkọ, ẹ rántí. Òun kò ní ẹ̀dà.

Ìyá náà dìde. Ó ṣe ohun tí èmi ò rò láti ṣe. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí oko àgbàdo, ó sì ké pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ pé, "Oyèníkẹ̀ẹ́ ooo! Oyèníkẹ̀ẹ́, ọmọ mi!"

Láti ọ̀nà jíjìn, a gbọ́ ohùn kékeré kan. "Mo wà ńbí o. Ó ṣókùnkùn."

Àgbàdo mì, òbúkọ là á jáde, táì rẹ̀ ti wọ́. Ó dúró láàárín iyàrá, ó ní, "Mọrádékẹ́, kí ló ń sọ̀rọ̀ nínú mi? Mo wà nínú ìpàdé."

Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ la ẹnu." Mi ò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó la ẹnu.

Àwọn ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. "Àwòrán Kọkàndínlógún, mo tóbi tó báyìí." Ọ̀kan. Òmíràn tún jáde. Ẹ̀kẹta jáde, itọ́ bò ó lára. Lẹ́yìn náà, kò sí mọ́. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ìlà wọn pọ̀ bí irun orí. Tirẹ̀ jẹ́ mẹ́ta péré.

Ojú Ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́ yí padà. Ó ní, "Mẹ́ta? Ibo ni ìyókù wà? Ṣé ewúrẹ́ yín ti jẹ ẹ́ dà ni?"

Mi ò mọ̀. Bí òbúkọ bá ti jẹ ìyókù dà, a ò ní mọ̀ bí ara ọmọ náà ṣe wà láéláé. Bí kò bá sì jẹ ẹ́ dà, a jẹ́ pé kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà kan náà, ìtumọ̀ méjì. Mo wo maikirosíkóòpù. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbà mí."

Maikirosíkóòpù sọ̀kalẹ̀ lórí tábìlì. Ó ń fi ẹsẹ̀ irin rẹ̀ rìn, kò, kò, kò. Ó tẹ̀ ba, ó ki ojú rẹ̀ kan ṣoṣo bọ ọ̀fun òbúkọ, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Dókítà ń sunkún pé ó tutù. A ń dúró.

Nígbà tó yá, ó yọ ojú. Ó ní, "Mo ti wo ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Àgbàdo ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìdérí bírò tó pọ̀. Kò sí ìlà kan mọ́. Mẹ́ta náà ni wọ́n láti ilé wá. Èmi ni mo rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kí ẹnikẹ́ni tó rí i: ó ti ń mọ́."

Ìyá náà kò jó, kò hó. Ó fi ọwọ́ nu itọ́ kúrò lára àwọn ìlà mẹ́ta náà, ó tẹ́ wọn síbi tó yẹ wọ́n, ó sì wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ bá mi tún èyí ṣe. Kì í ṣe Kọkàndínlógún ló ń jẹ́. Oyèníkẹ̀ẹ́ ló ń jẹ́."

Mo mú bírò, mo kọ ọ́ síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mo kọ ọ́, kò sì sú mi.

Ìyókù tẹ̀ lé e, Kejì gan-an ti gbàgbé ìjà. Fáìlì di ọ̀kan. Mo ká a, mo gbé e lé èjìká, mo ní kí n tètè fi í pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà kí òbúkọ tún tó rí i. Ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ti ara rẹ̀ mọ́ mi lójú. Ó ní, "Fáìlì kan tó ń jẹ́ orúkọ yìí ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n pa ọ̀kan rẹ́?"

Mo ní, "Rárá!"

Ó ní, "Mi ò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo fẹ́ tún sọ pé rárá. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Mọrádékẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo ta jí. Òógùn ti bò mí. Mo fọwọ́ kan orí mi, kò sí ìwo. Ilẹ̀ ti mọ́, mo ń gbọ́ tí Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ń kọrin ní kíṣìnnì. Mo wọ́ ara mi lọ síbẹ̀ láti mu omi. Mo bá a lórí ìdúró, ike ńlá kan wà níwájú rẹ̀, ó ń gbọn ìsàlẹ̀ àpò sínú rẹ̀. Ó ti da gàrí Ìjẹ̀bú tí mo rà fún mímu, àti gàrí pupa tí wọ́n kó wá láti abúlé fún ẹ̀bà, pọ̀ sójú kan. Ó ní àpò méjèèjì ń gba àyè jù.

Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Mo ní, "Àǹtí, èwo wá ni ti Ìjẹ̀bú níbẹ̀?"

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó wò ó, ó dà á padà. Ó ní, "Jù ú sẹ́nu. Èyí tó bá kan, òun ni."